Àṣẹ Tí Mo Kọ Fún Àpẹẹrẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí bàbá ọmọ, mo sì kí ọkọ mi kékeré tí ẹ ní ó ti ń hu eyín. Ṣé ara yín le, ṣé ó sì ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn? Èmi náà ń bẹ láàyè. Orúnkún ọ̀tún yìí nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye, mo sì ti sọ fún un pé n kò ráyè tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ láti ìgbà tí o ti gbọ́ ohùn mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan wà. Ṣùgbọ́n ó ti tán, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó kọ ọ́ sí ọ báyìí.

O rántí àdéhùn wa: bí ilé iṣẹ́ yìí kò bá gbà mí pátápátá lẹ́yìn àkókò ìdánwò, màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, màá wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Má bínú, ilé rẹ dùn, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ di ìyá arúgbó tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bá lórí ìjókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwé wa pa, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń mú kí ó yá mi lára láti dìde bí ilẹ̀ bá mọ́.

Jẹ́ kí n tún iṣẹ́ náà ṣàlàyé, torí nígbà tí mo sọ ọ́ lọ́jọ́sí, "ẹ̀n, ẹ̀n" lásán lò ń ṣe. Fíríìjì ńlá tí ilé ìwòsàn ń kó oògùn sí ni à ń tún ṣe. Gbogbo ohun tí àwọn atúnṣe wa mọ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àjùmọ̀kọ kan lórí kọ̀ǹpútà, wíkì ni wọ́n ń pè é. Fóònù ni wọ́n fi ń kà á lẹ́nu iṣẹ́. Ojú ìwé rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè tọ́jú lọ, ni ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wa, tí à ń pè ní Má-kánjú, bá ṣe irinṣẹ́ kan. Àwọn ejẹ́ńtì, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń dá ṣiṣẹ́, ló ń fi irinṣẹ́ náà lẹ àmì mọ́ ojú ìwé: "Ó péye," "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò," tàbí "Ó ti di àtijọ́." Èyí tó bá gba àmì àtijọ́ kò ní hàn lórí fóònù mọ́. Tèmi ni láti kọ ìwé ìtọ́sọ́nà irinṣẹ́ náà, tí èèyàn àti ejẹ́ńtì yóò jọ máa kà.

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ níléèwé. O mọ àṣà mi: n óò kọ́kọ́ kọ ohun tí kò tọ̀nà sójú pátákó, n óò wá bi kíláàsì pé kí ni àṣìṣe ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ àṣẹ kan síbẹ̀ pé: "Lẹ 'Ó ti di àtijọ́' mọ́ gbogbo ojú ìwé." Mo wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kí ló burú nínú àṣẹ yìí?" Inú mi dùn sí i. Mo fi í ránṣẹ́, mo lọ jẹun ọ̀sán.

N kò tíì gbé omi mì tí fóònù fi dún. Ọ̀kan nínú àwọn atúnṣe wa ni, ó wà nílé ìwòsàn, ó sì ti tú ẹ̀yìn fíríìjì sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé tí mò ń kà ti pòórá mọ́ mi lójú. Oògùn àwọn ọmọ ọwọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ yìí o!" Mo sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà, kò sí orúnkún tó dá mi dúró. Àmì àtijọ́ ló kún gbogbo wíkì! Àwọn ejẹ́ńtì kò dá ìbéèrè mi lóhùn, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ṣe.

Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ojú ìwé náà ṣì ń ṣí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí atúnṣe náà létí lórí fóònù, wáyà kan tẹ̀ lé òmíràn, bíi pé àpèkọ ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, omi bọ́ lójú mi. Oògùn kankan kò bàjẹ́.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn, ìwọ ni mo rí, ìwọ tó fi ẹnu rẹ bá mi wá iṣẹ́ yìí. Ojú gbà mí tì. Ó wá sí mi lọ́kàn kí n di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ, àbí ta ni yóò bá ẹ̀rọ ṣẹjọ́? Ṣùgbọ́n mo wọlé tọ ọ̀gá wa obìnrin lọ, mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́."

Má-kánjú ti wà níbẹ̀, òógùn bò ó, ó ń fi irinṣẹ́ kan náà yọ àmì kúrò. Ó ní, "Tíṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tuntun yìí kì í nawọ́ sókè o. Bí wọ́n bá ti rí i lójú pátákó, ó parí." Ọ̀gá ní kí n lọ tún un kọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

Àná ló tó pè mí. Ó ní irinṣẹ́ tó lè pa gbogbo ìwé wa mọ́ láìbéèrè, ẹni tó ṣe é ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Má-kánjú ti tún un ṣe, kí ó máa béèrè lọ́wọ́ èèyàn kí ó tó fọwọ́ kan ojú ìwé púpọ̀. Ọ̀gá wá ní, "Atúnṣe yẹn ti pè mí. Ó ní ohùn yín kò gbọ̀n rárá. Ẹ jókòó tì wá, Màmá, iṣẹ́ ti di tiyín." Ohùn mi kò gbọ̀n! Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ara tù mí débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́, àfìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo tó padà.

Ọlọ́run yóò máa dá ọ lóhùn. O kò ní fi ẹnu rẹ ṣe onígbọ̀wọ́ ẹni tí yóò dójú tì ọ́. Ọmọ tí o bí yóò ṣe ọ́ bí o ti ṣe mí, yóò sì dàgbà lójú wa. Kí bàbá ọmọ fún mi dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, òṣìṣẹ́.

Mo tún rántí: yàrá tí o kùn lọ́dà dè mí, jẹ́ kí ọkọ mi kékeré máa rákòrò nínú rẹ̀. Màá wá nígbà ìsinmi, àlejò ni mò ń bọ̀ wá ṣe. Bí o bá rí i pé mò ń pẹ́ jù, rán mi létí pé mo níṣẹ́.