Ó Ní Kí N Fi Àyè Sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Télọ̀ ni mí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn lọ ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ àná, ọkọ̀ dúdú kan sáré kọjá lára mi pẹ́kípẹ́kí. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá mi nígbọ̀nwọ́, mo ṣubú sí gọ́tà. Ọ̀gá tó ń wà á ò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ yẹn kan náà, tòun ti dígí tó ti yẹ̀, dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀gá náà wọlé, kò dá mi mọ̀. Ṣòkòtò ló fẹ́ rán. Bí mo ṣe ń wọn ìdí rẹ̀, ó ní, “Ìyá télọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa o. Mi ò fẹ́ ohun tó máa fún mọ́ mi.”

Ẹ gbọ́ o! Aláìnítìjú tí kò ní àyè fún ẹ̀mí èèyàn ló ń tọrọ àyè fún ìdí!

Ẹ̀yin olùgbọ́, mi ò tíì gé aṣọ náà. Irú àyè wo ló tọ́ sí irú ìdí bẹ́ẹ̀?