Pátákó Kábọ́ọ̀nù Tí Òòlù Kò Lè Fọ́

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Adébùsọ́lá ọmọ yín ni, láti Jámánì. Ẹ má bínú pé ohùn ni mo fi ránṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń sinmi díẹ̀ ni.

Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù, àwọn okùn dúdú tín-ín-rín tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele, ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó kán mọ́ Akínfẹ́mi aládùúgbò wa lábẹ́ lọ́nà Okeluse. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí òkúta bá gbá a lójijì, ńṣe ló máa ń là. Níbi iṣẹ́ wa níbí, tí a ti ń ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní kí a tẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín àwọn ìpele rẹ̀, kó lè fara da ìkọlù. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pa á tì, tàbí kí o máa lọ sílé yín."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí òòlù dá ẹjọ́ náà."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sọ òòlù ńlá lu pátákó kábọ́ọ̀nù tiwọn tí kò ní ike, láti dán an wò. Ó fọ́ yángá, èérún rẹ̀ sì fò kiri. Èyí tó wọ̀ mí lọ́wọ́ kò tó nǹkan, dókítà ti yọ ọ́. Ìka méjì péré ló ṣì ń ṣe bí ẹni tó sùn. Nígbà tí a sọ òòlù lu tèmi, ó tẹ̀ díẹ̀, kò fọ́.

Ọ̀gá ní kí n lọ sinmi, kí ẹlòmíràn gbé e lọ síwájú àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ wa. Mo ní, "Rárá, sà. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni n ó gbé e lọ."

Ẹ bá mi kí Bàbá, àti Àǹtí Ìmísí ní Upenmen. Bí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan bá bèèrè ìgbà tí mò ń bọ̀, ẹ ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́.