Yàrá Kan ní Mowé

Ifọ̀,
Ọjọ́ Ẹtì.

Bólúwadúró ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárò ilé. Ṣé ara ìyàwó rẹ dá, ṣé òtútù Kánádà ò mú àwọn ọmọ jù? Tèmi ò burú, bí kò ṣe ojú ọ̀tún tí kò ríran dáadáa mọ́.

O ní kí n ta ilẹ̀ Mowé, pé ó ti wà lásán láti ogún ọdún. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò gba fóònù, ni mo fi kọ ìwé yìí, tí mo fi rán Dáníẹ́lì, ọmọ àbúrò mi tó ń bọ̀ ní Kánádà, kó mú un wá bá ọ.

O mọ̀ pé ọdún méjìlélógójì ni mo fi ya àwòrán ilé. Láti Ifọ̀ dé Ìbàfò, àwọn ilé tí òjò kì í fẹ́ wọ ojú fèrèsé wọn, ọwọ́ mi ló ya púpọ̀ nínú wọn. Mo máa ń fi yangàn.

Ti ìyá rẹ ni mi ò parí. Yàrá méjì ni mo kọ́kọ́ yà fún un. Nígbà tó ku ká gbẹ́ ìpìlẹ̀, mo ní ó kéré, mo sọ ọ́ di mẹ́rin. Lẹ́yìn náà mo ní ìyàwó ayàwòrán ilé ò gbọdọ̀ gbé ilé ilẹ̀, mo tún yà á di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Agbára tó ká yàrá méjì ò wá ká nǹkan kan mọ́. Àbẹ̀bí, ìyá rẹ, kì í jà. Lọ́jọ́ kan tó ń gbá omi òjò kúrò lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa nílé onílé, ó kàn sọ pé: "Bàbá Bólú, àwòrán yín dáa. Ṣùgbọ́n yàrá kan tó lórùlé ti tó mi."

Nígbà tó kú, tí o wà ní Kánádà, mo sọ fún ọ pé itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì la sin ín sí. Irọ́ ni mo pa, ojú ló ń tì mí. Ó ti bẹ̀ mí pé inú ilé òun ni kí n tẹ́ òun sí. Onílé wa ò gbà, mi ò sì dá a lẹ́bi. A gbé e lọ sí Mowé, a sin ín sínú igbó orí ilẹ̀ yẹn, níbi tí mo máa ń fa ìlà yàrá rẹ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ fún un náà nìyẹn. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí gan-an.

Mi ò lè ta ilẹ̀ náà. Lóṣù tó ń bọ̀, Sàhéèdì bíríkìlà yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀. Bó bá kọ́lé náà parí, màá kó lọ bá ìyá rẹ.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Wàá kọ́lé, ẹni tí o kọ́ ọ fún á bá ọ gbé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lásúnkànmí.

Mo tún rántí: àwòrán náà wà nínú àpòòwé yìí. Yàrá kan ni, ó lórùlé, ìyá rẹ wà láàárín rẹ̀. Bá mi yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò, torí ojú mi. Iṣẹ́ tí o kọ́ lọ́dọ̀ mi lo ń ṣe, mo mọ ohun tó máa wá sí ọ lọ́kàn. Jọ̀wọ́, má fi nǹkan kan kún un.