Aṣọ Inú Àpótí Ìyá Àgbà

Oǹdó,
Oṣù Kẹwàá, 1988.

Gbémiga ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ tuntun ní Kánò. Orúnkún ń ro bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sóko. Gàrí ti di wúrà.

O rántí àpótí tí Ìyá Àgbà gbé wá sílé ọkọ, tí bàbá àgbà padà ń kó owó kòkó sí? Aṣọ sányán tí a ó fi sin Ìyá Àgbà nìkan ló kù níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a tó ń fi àlùmọ́gàjí gé e. Mo figbe ta! Ó ní, "Ìyá Gbémiga, dákẹ́. Ta ló fẹ́ kú nígbà tí nǹkan wọ́n báyìí? Ikú tó bá fẹ́ mú mi, kó ra aṣọ tirẹ̀ wá." Gàrí ló kó sínú àpótí náà báyìí, ó sì jókòó lé e.

Ọ̀já tó gé lára sányán náà ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ìyàwó rẹ má bẹ̀rù, àdúrà ló fi rán an. Olúwa yóò dá ọmọ náà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pọ̀n ọ́n wálé ní Kérésì. Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ rí ẹni tó gba aṣọ mọ́ ikú lọ́wọ́.

Ìyá rẹ,
Agnes