Màmá Ò Fẹ́ Kí N Kú ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà 2025

Wọ́n ti fún mi ní ikú. Ọ̀gá Tẹ́mpò kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò, bí ẹni ń pín ìwé fún ọmọléèwé. Èmi ni màá ṣe Ìyàwó Apẹja nínú ópẹ́rà tuntun tó kọ, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe. Èmi náà ni màá ṣe ìyàwó aláriwo nínú ópẹ́rà kékeré apanilẹ́rìn-ín tí a máa fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo, eré méjì. Gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Nínú èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín, mo máa ṣègbéyàwó. Nínú èkejì, ọkọ mi á pẹ́ lórí ọ̀sà, màá dúró dè é títí àìsàn á fi dá mi dùbúlẹ̀, á dé, màá sì kú sí i lápá. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí n tó kú tán. Orin ni mò ń kọ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì lorúkọ Ọ̀gá Tẹ́mpò gan-an, òun ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa. Ó máa ń fi bàtà lu ilẹ̀ títí gbogbo wa á fi sáré bá a. Ó ní nínú gbogbo sòpúránò, obìnrin olóhùn òkè, tí òun mọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ohùn tèmi nìkan ló lè gòkè débi tí ikú yẹn wà. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́.

Benjamin ni ọkọ mi nínú eré méjèèjì. Tẹ́nọ̀ ni, ohùn òkè ọkùnrin ló ń kọ. Ó máa ń gbé ẹyin tútù mì kó tó kọrin, lẹ́yìn náà á wá máa mí sí mi lójú. Ẹlẹ́yin ni mo ń pè é níbí.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà

Màmá ti gbọ́.

Yàrá mi ni mo wà, mò ń dánra wò. "Mo ń lọ, mo ń lọ" ni ìlà tó gbẹ̀yìn — ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kan wá láti kíṣìnnì: "O ò lọ ibì kankan." Mo rò pé fóònù ló ń gbà. Mo tún un kọ. "Mo ní o ò lọ ibì kankan." Lẹ́yìn náà ni Màmá wọlé tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó kí n ṣàlàyé.

Mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kó tó dájọ́. Ó ní nǹkan méjì lòun fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń kú kì í ní èémí tó pọ̀ tó báyẹn. Èkejì, ọmọ òun ò ní dùbúlẹ̀ kú níwájú èrò, ì báà ṣe eré, ì báà ṣe ópẹ́rà, torí a ò mọ ẹni tó máa wà nídìí àga kan tó máa ṣe àmín.

Mo ní eré lásán ni, mà. Ó ní kí n lọ fi ìgbéyàwó ṣeré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà máa yọ mí lẹ́nu. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ò ju kí Màmá jókòó sínú gbọ̀ngàn kan kó gbọ́ mi. Ó ń gbọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ Ọlọ́run ló lorin ibẹ̀. Níta, igbe ló ń pè é.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàbá kú, nínú ilé yìí, lówùúrọ̀. Màmá nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ògoolúwa àbúrò mi wà níbi iṣẹ́. Èmi wà ní Ìbàdàn níwájú àwọn tó ń dán ohùn wa wò, mò ń kọrin. Màmá ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí bí Bàbá ṣe lọ. Kò sì bi mí bí ìdánwò ṣe rí. Mo yege. Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Mo pa irọ́. Mo sọ fún Màmá pé mo ti gbé ikú náà fún Mọ̀nsúrát, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni Mọ̀nsúrát ń kọ, kò lè débi tí orin yẹn wà bí wọ́n bá tiẹ̀ fi àkàbà gbé e. Ọlọ́run ṣe é, Màmá ò mọ̀.

Ó bi mí pé ìyá Mọ̀nsúrát ńkọ́, ṣé ó fọwọ́ sí i. Mo ní ó fọwọ́ sí i. Màmá mirí títí. Ó ní òun máa fi ọmọ náà sádùúrà. Ó wá ní tó bá jẹ́ pé ìyàwó nìkan ni mo fẹ́ ṣe, òun máa wá wò mí.

Ó máa wá. Ọdún tí mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Inú mi dùn.

Ètò: apanilẹ́rìn-ín ló ṣáájú. Tí wọ́n bá ti ní ká sinmi, Ògo á sọ pé ọ̀nà Ìkòròdú ò dáa láti rìn tó bá ti ṣú, á gbé Màmá lọ sílé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán ni màá wá kú. Ògo ní òun ò fẹ́ràn irọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ẹran wo ni wọ́n máa fi sí ìrẹsì tí wọ́n máa pín níbi eré náà.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọ̀wàrà

Mi ò lè kú nílé mọ́, Èbúté ni mò ń lọ. Mo kọjú sí ọ̀sà, mo kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Nígbà kejì, obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi wá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní ohun yòówù kí ọkùnrin náà ti ṣe, kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí n sì sún kúrò létí omi. Mo ní ẹ ṣé, mà. Nígbà kẹta, àwọn tó ń kó yanrìn pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún un kọ, kí n kàn dín igbe inú rẹ̀ kù.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ̀wàrà

Màmá fi orúkọ Mọ̀nsúrát sílẹ̀ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí ni Mọ̀nsúrát.

Ọjọ́rú, 22 Ọ̀wàrà

Ẹlẹ́yin jù mí sílẹ̀ lónìí. Ó ní èmi ni mo yára kú, òun ò tíì na apá. Orúnkún mi wú. Ọ̀gá Tẹ́mpò ní lẹ́yìn tí mo bá kú, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gígùn ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mí, kí Benjamin tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ibẹ̀ gan-an lòun kọ gbogbo ópẹ́rà náà lé.

Màmá fi òróró àdúrà rán mi sí Mọ̀nsúrát. Mọ̀nsúrát bi mí pé kí ló dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó fi ìgò náà sínú báàgì, ó ní kí n bá òun dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló dẹ́kun ẹ̀rín, ó ní kí n lọ sọ òótọ́ fún Màmá kí Sátidé tó pé. Mo ní màá sọ.

Mi ò sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Ọ̀wàrà

Màmá ti dirun. Ó ti lọ aṣọ. Ó bi mí pé iwájú ni àbí ẹ̀yìn lòun máa jókòó sí. Mo ní ẹ̀yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, nítorí ooru. Ó ní iwájú. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá kan lórí fóònù pé ọmọ òun fẹ́ ṣe ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ọ̀wàrà

A ti padà dé. Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Ọ̀wàrà

Alága ló fà á. Olóyè kan tó gba gbọ̀ngàn náà fún wa. Àkókò tó, alága ò tíì dé. Wọ́n pè é, ó ní òun ti wà lọ́nà, a sì ń gbọ́ omi tó ń dà nínú fóònù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀ ni. Ọ̀gá Tẹ́mpò ronú. Ó ní, "Ẹ̀rín ni alága ń bọ̀ wá rín. A ò lè rín in tán kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kú."

Mo ti wọ aṣọ ìyàwó tán. Mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Màmá wà ní ìlà iwájú tòun ti abẹ̀bẹ̀, Ògo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo bẹ Mọ̀nsúrát kó sáré lọ sọ fún Ògo pé kó mú Màmá jáde. Ó lọ, ó padà. Ó ní bí Màmá ṣe rí òun ló dìde gbá òun mọ́ra, ó ní, "Má bẹ̀rù, mi ò ní fi ìwọ nìkan sílẹ̀ níbẹ̀, màá wà níjòókòó títí wàá fi kú tán tí wàá sì jí." Èmi ni mo fọwọ́ ara mi so Màmá mọ́ àga.

Mo pààrọ̀ aṣọ. Mo jáde.

Màmá rí mi. Kò dìde. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kàn dúró. Mo kọ orin àkọ́kọ́, mi ò wo ibẹ̀. Mo kọ èkejì, mo wo ibẹ̀. Ó ń wò mí bí ìgbà tó máa ń ka ìwọ̀n ibà lójú aláìsàn. Ẹlẹ́yin ti ọ̀sà dé, ó gbé mi sápá, ó mí sí mi lójú. Mo kọ ọ́: "Mo ń lọ."

Láti ìlà iwájú, ní pẹ̀lẹ́: "O ò lọ ibì kankan."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ṣe àmín. Mo ń kọrin lọ, mo gòkè, mo débẹ̀. Ohùn náà jáde bí kò ṣe jáde rí, mo mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni mo kú. Ọwọ́ mi já sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ọ̀gá Tẹ́mpò bẹ̀rẹ̀.

"Ìbíjọkẹ́."

Màmá ló pè mí, kì í ṣe ohùn ìjà. Bí èèyàn bá dákú lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ni ín ló máa ń pè é lórúkọ, léraléra, kó má baà lọ. Ohùn yẹn ni. "Ìbíjọkẹ́ Àbẹ̀ní." Àwọn ìyá tó jókòó tì í ò mọ̀ mí rí, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pè mí. Ìbíjọkẹ́. Ìbíjọkẹ́ o. Ẹlẹ́yin sọ ọ́ láàárín eyín pé kí n má dáhùn. Mo dijú. Òkú ni mí, mo mọ iṣẹ́ mi. Màmá tún pè mí, ohùn rẹ̀ sì fọ́ láàárín orúkọ náà.

"Mà," ni mo wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ọ̀gá Tẹ́mpò gbé orí lé dùùrù.

Màmá ní, "Ó dáa." Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún, ó ti jókòó. Ó ní, "O lè máa kú lọ. Mo ti gbọ́ ohùn ẹ."

Ìgbà yẹn ni alága wọlé. Ó bá èrò lẹ́nu ẹ̀rín, ó rò pé apanilẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rín ju gbogbo wọn lọ. Mo kú padà. Ẹlẹ́yin bú sẹ́kún, omi ojú rẹ̀ kì í ṣe ti eré. Lẹ́yìn náà ni a ṣe ìgbéyàwó, mi ò rántí kankan nínú rẹ̀.

Ògo ló wa ọkọ̀ padà sílé. Màmá wà níwájú. Mo wà lẹ́yìn, mò ń dúró de èébú. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí irọ́ náà. A ti sún mọ́ Ìkòròdú kó tó lanu sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mo pe bàbá ẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Mo pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ nìkan ń pè é. Kò dá mi lóhùn."

Ògo pa rédíò.

Màmá ní, "Ìwọ dá mi lóhùn."

Mo sọ ohun tó wà nílẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo yege ní Ìbàdàn." Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí mo ṣe ń rìn wọlé lọ́jọ́ náà, tí mò ń gbìyànjú kí inú mi má dùn nítorí òkú wà nílé, lòun ti mọ̀.

Ọjọ́rú, 29 Ọ̀wàrà

Ọ̀gá Tẹ́mpò pè. Láti Sátidé ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ń pè wá ká wá tún un ṣe ní Ìkòròdú níbí, nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé ṣé Màmá máa lè wá pè mí. Ó ní òun ti wá àyè fún un nínú orin.

Mo lọ bá Màmá ní kíṣìnnì, mo sọ fún un. Ó ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó ní èémí mi ṣì pọ̀ jù fún ẹni tó ń kú. Ó ní ọwọ́ mi yára já sílẹ̀, ìka ló máa ń kọ́kọ́ dẹ̀. Ó ní kí Benjamin yé mu ẹyin, òun gbóòórùn rẹ̀ láti orí àga.

Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni mo tún máa kú, kí òun lè tètè lọ dirun.