Olóbi Rẹ Wà ní Kùmásì

Baríga,
Oṣù kẹta, ọdún 1958.

Àkànó ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ-ọmọ mi ń jẹun yó? Olúwa kò ní jẹ́ kí n gbúròó yín ní búburú. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ kọ lẹ́tà yìí, kíláàsì àgbàlagbà ti ń so èso.

Ìwé ìjọba tí o fi ránṣẹ́ dé. Tíṣà wa, Ọláyíwọlá, kà á fún mi, ó ní ìjọba Gánà fẹ́ ẹ̀rí ibi tí mo bí ọ sí, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọn yóò lé ọ kúrò ní Kùmásì. Láyé ìgbà tí èmi àti bàbá rẹ débẹ̀, baálé ilé fún wa lómi mu kó tó béèrè orúkọ wa.

Mo ti kọ ẹ̀rí náà síbẹ̀: ẹ̀yìn balùwẹ̀ ilé tí ò ń gbé yẹn, lábẹ́ igi ọsàn, ni bàbá rẹ sin olóbi rẹ sí lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó gbé ọkọ́ wá. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ̀wé kó tẹ̀ka, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, ó gùn dé ibi tí wọ́n ní ìjọba nìkan ló ni. Kí wọ́n wá ibòmíràn kọ tiwọn sí. Fọ́tò rẹ méjì ni wọ́n béèrè, mo fi tèmi kún un, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá fà á. Tíṣà bẹ̀ mí kí n yọ ọ́ kúrò, mo ní kó lọ jókòó.

Lazarus, apẹja Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà, kó àwọn èèyàn jọ níbí, ó ní bí Gánà ṣe ń lé tiwa, kí àwa náà lé Ẹfúà, obìnrin Fàńtí ará Gánà tí a jọ ń yan ẹja. Mo lọ bá wọn ní ìpàdé. Mo ní, "Lazarus, nígbà tí ìwọ gúnlẹ̀ síbí tòun ti àwọ̀n tó ya, ta ló lé ọ?" Ó ní tòun yàtọ̀. Mo ní ó yàtọ̀ lóòótọ́, Ẹfúà ló kọ́kọ́ dé. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ wọ́n ní kí Ẹfúà kúrò kó tó di Sátidé. Mo ti kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá mi. Kí wọ́n wá.

Jọ̀wọ́, fi owó ẹní ránṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, Ẹfúà sì máa ń ta èèyàn nípàá lójú oorun.

Má di ẹrù kankan. Bí ọlọ́pàá bá dé, kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì padà jókòó sórí àga rẹ. Ilẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún Àbẹ̀kẹ́ Mákánjúọlá.