Ẹ Wá Kí Ọ̀nà Tó Gbẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo lérò pé ara yín le níbi tí iṣẹ́ gbé yín lọ, pé eruku katakata ò tún dá ikọ́ yẹn padà. Ìyá wa ń kí yín. Ara tiwọn náà le, ọkàn wọn ni kò le.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyàwó wa ti bímọ. Ọkùnrin ni. Ọmọ náà ò dúró. Ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Ẹ máa rántí ọjọ́ tí ẹ wa katakata wọ àárín abúlé wa, tí ọ̀nà mọ́tò parí. Ìyá wa jó títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní, "Àwa náà ti di ará ìlú ńlá! Ewúrẹ́ mi gan-an á mọ hóònù." Bọ́ọ̀sì sì ń wá láràárọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin bá kọ́ńpìnnì yín lọ, ẹ lọ la ọ̀nà ẹlòmíì.

Ohun tí a ò sọ fún yín ni pé ìjọba kó nọ́ọ̀sì wa lọ. Ọ̀gá tó wá kó wọn ní, "Kí lẹ tún ń fi nọ́ọ̀sì ṣe? Ẹ ti ní ọ̀nà. Ẹ máa wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá." A pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó wa nìkan ni kò pa tiẹ̀. Oyún ti wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ti àgádágodo mọ́ ilé ìwòsàn, aláǹgbá ló ń gbébẹ̀ báyìí.

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ kí ìrọbí tó mú un. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù rì sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, táyà ń yí lójú kan. A sọ̀ kalẹ̀, a tì í, a tì í, kò mira. Ìyá wa ló gbẹ̀bí rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan péré. Èmi ni mo gbé e dání. Iwájú orí yín gan-an ló gbé wá.

Látìgbà náà, ìyàwó wa ò pè mí ní Jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́. Kò pariwo, kò bú yín. Ó kàn fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ká wọn sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n rẹ gbé níyàwó. Bọ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ dé ni màá bá padà sílé bàbá mi." Ìyá wa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé wọn dìde, ó sì padà síbi báàgì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì lókun tó lè fi rìn jìnnà, bọ́ọ̀sì ò sì lè kọjá. Ohun tó ṣì dá a dúró nìyẹn. Gbogbo abúlé ń bẹ Ọlọ́run kí òjò dá; èmi nìkan ni mò ń bẹ̀ ẹ́ kó má tíì dá. Ẹ má fowó ránṣẹ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Níbi tí ọkọ̀ bá ti kọ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Ojú yín ló fẹ́ rí, bí kò tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á tù yín nínú, á sì mú ẹsẹ̀ yín yá. Irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ sí wa mọ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín obìnrin.

Àfikún: Káfíńtà ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó ní òun á gba inú igbó. Bó ṣe ń so bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, oòrùn ti yọ. Ìyàwó wa ti gbé àga síta, ó ń wo ọ̀nà.